Ẹ Ṣọ́ra fún Rédíò Àlòkù Tí Iná Rẹ̀ Kàn Ń Tàn Lásán

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ojúlówó rédíò fún ọkọ̀ akẹ́rù yín tó ti pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ni píkọ́ọ̀pù mi tẹ́lẹ̀ ti ki rédíò mìíràn bọ̀ ọ́, kò sì bá ojú dáṣíbọ́ọ̀dù mu rárá. Mo wá ń wá irú èyí tó bá ọkọ̀ náà wá, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Oníṣòwò kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: iná tàn, aago ń ṣiṣẹ́. Fídíò náà kò ní ohùn. Mo rò pé fóònù rẹ̀ ló fà á, mo sì sanwó.

Bí mo ṣe so ó mọ́ ọkọ̀, “LOCKED” ló kọ sójú, kò dún pín-ín. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní kóòdù rẹ̀ wà, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ ni. Mo tún san án. Kóòdù ọ̀hún kò ṣí i, ọkùnrin náà kò sì gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí gan-an.

Láti àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ irú rédíò yìí ti ní ààbò olè: tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára bátìrì, kóòdù ló máa béèrè. Àwọn kan nínú ọkọ̀ Chevrolet àti GMC tiẹ̀ ń ka VIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́mbà 17. Bí VIN ọkọ̀ yín kò bá bá ti ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u mu, rédíò náà yóò ti ara rẹ̀ pa, àfi kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣí i bá yín ṣí i. Ẹni tó bá sọ pé “ó máa ṣí fúnra rẹ̀”, irọ́ ló ń pa.

Ẹ ní kí oníṣòwò fi ẹ̀yìn rédíò hàn yín. Wọ́n ti ha ìwé tó ní nọ́mbà kúrò lẹ́yìn tèmi. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Nọ́mbà yẹn náà la fi ń mọ̀ bóyá rédíò ọ̀hún nílò amplifáyà ọ̀tọ̀, torí òmíràn kò lè gbé sípíkà fúnra rẹ̀.

Ẹ gba kóòdù àti VIN ọkọ̀ tó ti wá kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí oníṣòwò so rédíò náà mọ́ sípíkà, kí ẹ fi etí yín gbọ́ ọ. Tó bá kọ̀, ẹ má sanwó.