Báàgì ìgbin-ẹ̀fọ́ tí mo rà: báàgì dáa o, àmọ́ ẹ ka owó omi mọ́ ọn

Mo ti lo nǹkan yìí fún bí ọdún kan, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí lánàá ni mo fẹ́ sọ. Báàgì aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ ni, ó jẹ́ mẹ́wàá, ìkọ̀ọ̀kan ń gba bíi lítà 20, wọ́n wá fi hóró tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti tòmátì sí i, pẹ̀lú àpò iyẹ̀pẹ̀ méjì tí wọ́n ní àwọn ti pò sílẹ̀ fún wa. ₦18,000 ni gbogbo ẹ̀, owó dẹlifárì wà lọ́tọ̀. Orí fóònù ni mo ti rí i, n ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, ìjà kọ́ ni mo bá wá.

Kubwa ní Abuja là ń gbé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bàkónì mi ò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn mẹ́ta á jókòó sí tí orúnkún wọn á máa kan ara wọn. Ewédú ló fà á tí mo fi rà á. Lọ́jà, wọ́n á ta ewédú fún ẹ láàárọ̀, tó bá máa fi di ọ̀sán ó ti rọ jọwọrọ, ẹ ò sì ní mọ omi tí wọ́n fi rin ín. Mo ní tèmi á máa wà lẹ́nu ọ̀nà, n ó kàn nawọ́ já a.

Oṣù kọkànlá ni mo bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, ẹ̀yin náà mọ bí ọyẹ́ Abuja ṣe máa ń ṣe èèyàn, ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, aṣọ tí o sá á gbẹ kó o tó sá tán. Báàgì aṣọ yìí, ó ń mí ni, ohun tí wọ́n sì fi ń yìn ín nínú fídíò nìyẹn, wọ́n ní atẹ́gùn ń dé ibi gbòǹgbò, irọ́ kọ́, mo tú báàgì tòmátì kan nígbà tó yá, gbòǹgbò ẹ̀ ò lọ́ pọ̀ rárá bó ṣe máa ń lọ́ pọ̀ nínú rọ́bà. Àmọ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé náà lomi ń gbà jáde. Mo bomi rin ín ní agogo méje àárọ̀, tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán mo ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, ó gbẹ táútáú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń kọjú sí bàkónì mi, báàgì tún dúdú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ẹ ó mọ̀ pé gbòǹgbò tó wà nínú ẹ̀ ń sè ni.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa kì í sábà yọ, ọwọ́ àwọn mai ruwa tó ń ti ọmọlanke la ti ń ra omi. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ni báàgì mẹ́wàá yìí ń mu lójúmọ́, ₦150. Ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọjọ́, ₦4,500 nìyẹn, ẹ̀fọ́ tí mo wá ká lóṣù náà, tí mo bá gbé e lọ ọjà, bóyá ni wọ́n fi máa fún mi ní ₦3,000. Ọkọ mi ló ṣírò ẹ̀ o, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ̀fọ́ tá a jẹ lálẹ́ yìí wọ́n ju ẹran inú ẹ̀ lọ."

Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ní àwọn pò ńkọ́? Ẹ má rà á. Kò tiẹ̀ tó, báàgì mẹ́ta péré ló kún, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì jẹ́ eérún igi, tútù, tí òórùn pákó ṣì ń jáde lára ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo tẹ̀tẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ibà mú. Mégáàdì wa, Málàm, ló wò ó tó mi orí, ó ní eérún igi tí ò tíì jẹrà ló ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ. Ó bá mi wá ìgbẹ́ adìyẹ, ó ní n ò gbọ́dọ̀ dà á síbẹ̀ ní tútù torí ó máa jó wọn, kí n rin ín lómi, kí n bò ó, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó pò ó mọ́ ilẹ̀dú. Látìgbà yẹn ni ewé ti ń dúdú minimini. Tẹ̀tẹ̀ tí òun ń pè ní alayyaho yẹn, òun gan-an ló ń jẹ ẹ́ jù mí lọ báyìí.

Ní ti hóró, tẹ̀tẹ̀ hù kíákíá, ọjọ́ kẹrin. Ata hù díẹ̀. Nínú hóró tòmátì ogún, mẹ́ta ló yọjú, aláńgbá sì jẹ méjì nínú wọn. Ewédú ò hù rárá, mo dúró títí, mo ti ń to èébú tí n ó kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, kó tó di pé mo pe màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé o da omi gbígbóná sí i kó o tó gbìn ín?"

"Omi gbígbóná kẹ̀, mà? Ṣé kò ní kú ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa kú? Èèpo ẹ̀ le. Dì í sínú aṣọ, tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó, kó o yára yọ ọ́, má ṣe jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀fọ́ kọ́ lò ń sè."

Mo kà dé márùn-ún mo yọ ọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ó ti hù bí irun orí ọmọ tuntun. Torí náà mo dá ẹni yẹn láre lórí ewédú, àmọ́ ṣé kò lè kọ ọ́ sára ọ̀rá ni?

Ọwọ́ báàgì náà tún wà ńbẹ̀. Báàgì lítà 20 tí iyẹ̀pẹ̀ tútù kún inú ẹ̀, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́ kan gbé. Mo fẹ́ sún ọ̀kan kúrò lójú oòrùn, ojú rírán já, ó ṣubú kọjá irin bàkónì, ó dà sórí bẹ́dṣíìtì funfun tí ìyá ìsàlẹ̀ sá. Mo fọ bẹ́dṣíìtì méjì lọ́jọ́ náà. Ìyá yẹn ò bá mi jà o, úgù ló ní kí n bá òun gbìn, ó sì ti ń fà lára irin báyìí.

Ohun tó wá yanjú ọ̀rọ̀ omi ni ìyàngbò ìrẹsì. Mo tẹ́ ẹ sójú iyẹ̀pẹ̀, ó nípọn tó ìka méjì, omi tí mo ń bù lójoojúmọ́ di ọjọ́ méjì-méjì. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà náà ò lọ ṣòfò mọ́, tọlọ́ṣẹ nìkan ni mi ò kí ń dà sí i. Mo sì ti kó ata kúrò nínú báàgì, inú rọ́bà ọ̀dà àlòkù ló wà, èyí tí mo dáhò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìka mẹ́ta sókè ìsàlẹ̀, kì í ṣe nídìí, kí omi díẹ̀ lè máa dúró nísàlẹ̀ fún gbòǹgbò. Ní oṣù kẹta tí ooru pa wá, ata inú rọ́bà yìí ló dúró, òdòdó tòmátì tó kù ń já bọ́ ṣáá ni, kò so ẹyọ kan.

Àmọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní April, háà, báàgì yìí wá sọ irú ẹni tó jẹ́. Bó ti wù kí òjò rọ̀ tó, omi ò dúró nínú ẹ̀, ewédú ga tó mi láyà, tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré mo ti ń ká a, mo ń gé e lórí ó tún ń pẹ̀ka. Láti May títí di September mi ò ra ẹ̀fọ́ lọ́jà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, báàgì nìkan ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì rà á ní April. Bí mo bá ń fún un ní máàkì, báàgì á gba mẹ́ta nínú márùn-ún, hóró gba ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ yẹn gba òdo. Nínú báàgì mẹ́wàá, mẹ́jọ ló kù tó ṣì dáa. Èmi ṣì ń wá hóró ṣọkọ o, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Abuja níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí kí ọyẹ́ tó wọlé.