Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra lẹ́ǹsì àlòkù l'Ouando

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ń fi kámẹ́rà jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kó owó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta lẹ́ǹsì àlòkù lápá ọjà Ouando ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́. Bí ẹ bá dá èyí tó níṣòro padà, á gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, á sì gbé "òmíràn" jáde nínú páálí tuntun. Ọ̀kan náà ni o!

35mm f/1.8 ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀, 80,000 sẹ̀fà. Fọ́tò tó yà hàn mí dùn-ún wò, àmọ́ f/8 ló fi yà á, ìyẹn ni pé ó ti fún ihò lẹ́ǹsì kéré, níbi tí àbùkù lẹ́ǹsì ti máa ń fara pamọ́. Mo ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára lẹ́ǹsì náà sínú fóònù mi kí n tó sanwó. Àṣà mi nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, mo gbé kámẹ́rà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri gan-an, mo sì ṣí ihò lẹ́ǹsì tán pátápátá. Lápá ọ̀tún, gbogbo lẹ́tà ló ṣeé kà. Lápá òsì, bàìbàì. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kámẹ́rà ni kò dúró déédéé, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tún un yà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ṣú lákọ̀ọ́kọ́ yẹn náà ló ṣì ṣú, a jẹ́ pé ìdúró kámẹ́rà ló wọ́. Ṣùgbọ́n bàìbàì tèmi ṣí lọ sórí ọ̀rọ̀ tó hàn kedere tẹ́lẹ̀. Gíláàsì kan nínú lẹ́ǹsì ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi irú rẹ̀ ya mọ̀lẹ́bí níbi ìgbéyàwó, kí ìyá ọkọ lọ dúró sígun tó ṣú yẹn, ẹ ó ṣàlàyé títí.

Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀rinrin ọ̀sà tiwa yìí kì í jẹ́ kí lẹ́ǹsì sinmi. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ta bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu, ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e padà, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí wàhálà" ló fi dá mi lóhùn, páálí tuntun sì dé. Nọ́ńbà ara páálí ò bá ti ara lẹ́ǹsì mu. Ti ara lẹ́ǹsì bá ti inú fóònù mi mu. Ó kọ́kọ́ ní ọmọọṣẹ́ ló ṣì í mú. Nígbà tó rí i pé mi ò lọ, ó ní ọjà tó bá ti jáde kì í padà sísọ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ti wà ní Benin láti 2007! Bàbá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nísọ̀ kejì ló dá sí i: "Dá owó olówó padà." Orí fóònù, MoMo, ni mo fi sanwó, kò rí iyẹn jiyàn. 70,000 ló dá padà, ó ní 10,000 yòókù jẹ́ owó àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò wo?

Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Lẹ́ǹsì náà ti padà sórí àtẹ, ó jókòó sórí páálí tuntun. Nọ́ńbà ara rẹ̀ parí sí 417.