Ìkìlọ̀: Ọ̀rá lásán ni wọ́n ń tà fún wa lórúkọ Mylar

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi máṣìn gé sítẹ́ńsìlì, ìyẹn ike tí a gé àwòrán sí láti fi kun ọ̀dà sára ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó Mylar, ike pẹlẹbẹ tó lágbára tí a fi ń ṣe é, fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, inú sì ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Mylar tó nípọn tó 190 máíkírónì ni mo fẹ́ rà (ẹgbẹ̀rún kan máíkírónì ló wà nínú mìlímítà 1). Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ìdí rẹ̀. Fáínìlì, ìyẹn ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ẹ ó lẹ̀ ẹ́, ẹ ó kùn ún, ẹ ó ṣí i, ó parí. Ṣùgbọ́n Mylar tó nípọn dáadáa, ẹ lè fọ̀ ọ́ kí ẹ tún gbé e lé ibòmíràn láìmọye ìgbà. Iṣẹ́ ògiri ni mo gbà. Àwòrán kan náà ló máa yí yàrá po, sítẹ́ńsìlì kan ṣoṣo la ó sì máa gbé kiri.

Mo béèrè o! Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé n kò béèrè. Mo bi ọlọ́jà yìí léèrè pé ṣé 190 ni lóòótọ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, 190 gidi ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó fi fídíò ránṣẹ́, ó ń mi ike náà, ó ń dún gbà-gbà-gbà. Àwọn tó ti rà á ṣáájú ń yìn ín. Kí ló tún kù tí ó yẹ kí n ṣe?

Nígbà tí ọjà dé, wọ́n ti ká a bí ẹní. Kò sí nọ́ńbà kankan lára páálí rẹ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni ara ti fu mí. Ó yẹ kí n dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ oníbàárà ti ń pè mí, mo ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló máa dá ọjà padà nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Mo ṣètò máṣìn sí ike tó nípọn, kí bíléèdì gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ ló ti gé e já pátápátá. Ní ìgbà kejì, mátì tí mo tẹ́ sábẹ́ ike náà ló ń gé! Ọlọ́jà yìí ní bíléèdì mi ló ti kú. Bíléèdì mi! Mo sì lọ ra tuntun, owó lórí owó, nítorí pé mo gbà á gbọ́.

Orí ògiri ni ojú ti wá tì mí. Etí ike náà ń ká sókè, ọ̀dà ń yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo ìlà wá rí ràdàràdà níwájú oníbàárà. Àwọn afárá tín-ín-rín tí mo fi sílẹ̀ kí inú lẹ́tà Ọ má baà jábọ́ já níkọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n fi acetone, oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, nù ún, bí mo ṣe máa ń nu Mylar gidi tí kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ike yìí rọ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó lẹ̀ mọ́ àkísà tó wà lọ́wọ́ mi. Mylar wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mylar wo?

Mo to mẹ́wàá tí n kò tíì gé léra, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Agbára káká ló fi tó mìlímítà 1. Ìdajì ohun tí mo sanwó fún! Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kà á, kò fèsì, ó blọ́ọ̀kì mi. Olè ni. N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́, olè ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: 190 mẹ́wàá léra gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2. Ẹyọ kan tó jẹ́ íńṣì 12 níbùú àti lóòró máa wúwo tó gíráàmù 24. Ẹ kán acetone díẹ̀ sí igun kan. Tó bá rọ̀ tàbí tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kì í ṣe Mylar. Bí ibi tí ẹ ti ń rajà bá lè di owó mú títí ọjà á fi dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dì í mú.

Àbí àwọn tó ń yìn ín yẹn, ṣé wọ́n tiẹ̀ fọ̀ ọ́ rí? Ṣé wọ́n lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ? Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀, n kò mọ̀. Ní tèmi, n kò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó, kó má bínú sí mi. Kó gbé ọjà rẹ̀ lé òṣùwọ̀n níwájú kámẹ́rà kí n fojú ara mi rí i. Ẹ̀rí ẹnu ti tó mi.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti rà, tó ṣì wà nínú páálí, ẹ má tíì gé e. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, kí àkókò tí wọ́n fi ń gba ọjà padà tó kọjá.