Ajẹ́ntì tó bá mi múra sílẹ̀ de owó 4% àwọn aṣọ́bodè: bí ó ṣe rí fún mi

Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba 4% lórí iye FOB ọjà tó ń wọlé (ìyẹn iye ọjà kí a tó ka owó ọkọ̀ òkun àti ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn), ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti ohun èlò télọ̀ ni mo ń kó wọlé láti Ṣáínà, mo sì ń múra àtisan owó kọ̀ntéńà tuntun. Ọ̀rẹ́ mi ló júwe ajẹ́ntì kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde fún mi ní Àpápá. ₦150,000 ló gbà láti yẹ ìwé ẹrù mi wò, kó sì bá mi ṣírò ohun tó ń bọ̀.

Ìṣirò yẹn nìkan tó owó tí mo san. Ariwo tí gbogbo wa ń pa lọ́jà ni pé 1% ti di 4%. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé nǹkan méjì ni owó tuntun yìí fẹ́ rọ́pò: 1% CISS (owó àbójútó ọjà tó ń wọlé) tí wọ́n ń gbà lórí FOB, àti 7% tí wọ́n ń gbà lórí owó ibodè fúnra rẹ̀. Ó mú ẹrù $20,000 tó di $22,000 lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì. Bí owó ibodè rẹ̀ bá jẹ́ 20% lórí $22,000 yẹn, owó àtijọ́ méjèèjì jẹ́ $508. Bó bá jẹ́ 5%, $277 péré ni. Tuntun jẹ́ $800 níbi méjèèjì! Àṣé ọjà tí owó ibodè rẹ̀ kéré ló máa fara gbá a jù, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ni mo fọkàn tẹ̀.

Ó tún rí i pé ẹni tó ń tajà fún mi máa ń da owó ọjà àti owó ọkọ̀ pọ̀ sójú kan. Ó ní kí n jẹ́ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó ṣí Form M (ìwé tí a fi ń sọ ọjà tí a fẹ́ kó wọlé) ní báńkì, kí wọ́n má baà ka owó ọkọ̀ mọ́ FOB. Ọdún mélòó ni mo ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìbéèrè!

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ohùn orí WhatsApp ló fi ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó dá fún mi sì di mẹ́fà.

Ní oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìnáwó ní kí wọ́n dá owó náà dúró. Àwọn kan ní mo fowó ṣòfò. Mi ò gbà. Wọ́n ti dá a dúró rí ní oṣù kejì, ó sì padà wá, torí pé inú òfin aṣọ́bodè ọdún 2023 ló wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ajẹ́ntì yìí tún ìṣirò mi ṣe láìgba kọ́bọ̀. Mo ti gbé ìwé kọ̀ntéńà tó kàn fún un, àmọ́ mo ní kó kọ tèyí sórí ìwé fún mi.