Chess ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí Lichess: èmi ní Surulere, ẹ̀gbọ́n mi ní Edinburgh

Sùúrù kò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ilé wa ní Surulere, chess oníṣẹ́jú márùn-ún là ń ta, ariwo òǹwòran á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé pátákó lọ. Ẹ̀rín ni mo fi dáhùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká máa ta á lórí Lichess, ìkànnì chess orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́ta fún ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá sún. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà tó ń dí ni lójú.

Wọ́n mú funfun, wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Scotch Game bẹ̀rẹ̀: e4, e5, Nf3, Nc6, d4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni orúkọ ojú ilé lórí pátákó; N ni ẹṣin, K ni ọba). Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ní Scotland ni orúkọ náà ti wá. Òótọ́ ni: Edinburgh àti London fi lẹ́tà ta chess láti 1824 dé 1828, Edinburgh ló borí. Ọdún mẹ́rin!

Mo jẹ d4, ẹṣin wọn gbẹ̀san. Ni mo bá yọ olorì sí h4, bí a ti ń ṣe ládùúgbò. (Mo pe ìyẹn ní ìwà jàgídíjàgan tèmi, àfi bí mo ṣe rí orúkọ Steinitz lára rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ di ọ̀gá chess àgbáyé ní 1886.) Ẹṣin wọn fò sí b5. Olorì mi jẹ e4, check (ọba wọn wà nínú ewu)! Wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù dí i ní e2.

Ọmọ ogun wọn ní g2 wá dá wà, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú àwo. Lẹ́yìn ilé wa, mo ti jẹ ẹ́ kí n tó mí. Ṣùgbọ́n inú dáńfó Ojúẹlẹ́gba sí CMS ni mo wà, ọkọ̀ ò sì rìn. Mo ṣí pátákó ìdánwò Lichess, níbi téèyàn ti lè dán ayò wò láìfi ránṣẹ́, mo jẹ g2 níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù f3, olorì mi sá. Ẹṣin c7, check, rook mi ní a8 ti wọlé wọn lọ. Mo yáa dá ẹran padà sáwo. Kd8 ni mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọba mi ò lè castle mọ́ (kí òun àti rook jọ sún lẹ́ẹ̀kan náà), ṣùgbọ́n mo fi ọmọ ogun kan jù wọ́n lọ.

Nítorí pátákó yẹn ni mo ṣe fún Lichess ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Òfin gbà kéèyàn yẹ àkójọ bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ayò wò nínú irú ayò yìí. Kọ̀ǹpútà tó ń bá ni ronú ni kò gbà.

Ààbọ̀ tó kù jẹ́ ti yẹ̀yẹ́. Àyè ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ àtẹ̀ránṣẹ́ kì í ta bíi ti ẹnu. Láti àná ni mo ti ń retí kí wọ́n sún. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sùn ni?" Wọ́n ní, "Ọjọ́ méjì ṣì kù fún mi."