Ìkànnì ìtàn ìdílé tí mo ń sanwó fún: ibi tó dáa àti ibi tó kù sí

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Iléṣà ni wọ́n ti ń gbé aṣọ lọ tà láwìn, ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n sì fẹ́, ọmọ tàn kálẹ̀ dé Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìkànnì ìtàn ìdílé gbọ́n, kó gbé irú ìdílé yìí síwájú ẹ̀.

Èyí tí mò ń lò (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mo ṣì máa bú u) gba ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjanpata. Àwọn ọmọ ìyá dúró sábẹ́ ìyá wọn, gbogbo wọn sì so mọ́ Bàbá. Ọdún ìbí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ńkọ́? Mo kọ “bíi 1910”, ó gbà á.

Orúkọ ni wàhálà. Mo kọ Fọlọ́runṣọ́ sílẹ̀, àmọ́ tí àwọn àǹtí mi ní Ìsọ̀nà bá tẹ Folorunso, á ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ráyè àmì ohùn lórí fóònù? Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni àwọn ẹnjiníà àwọn wà, àwọn á fi tó wọn létí. Mo gbà pé ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Àfi bí àwọn ẹnjiníà ṣe ní kí n fi orúkọ púpọ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé ṣ àti s lè rọ́pò ara wọn nínú ìwákiri. Wọ́n tún un ṣe. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ní ẹnjiníà ní orílẹ̀-èdè mìíràn: MyHeritage, ìkànnì ìtàn ìdílé mìíràn tí Gilad Japhet dá sílẹ̀ ní Israel ní 2003, náà ní ẹnjiníà ní Ukraine.

Ohun tí kò tíì yé wọn ni àpótí “orúkọ ìdílé”. Dandan ni. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ò ní irú ẹ̀, àmì ìdánudúró ni mo fi síbẹ̀. Oríkì ò tiẹ̀ láyè. Mo kọ Àjàní mọ́ orúkọ, ni ẹ̀rọ bá ní Àjàní kan n’Íbàdàn lè jẹ́ bàbá wa! Mélòó la fẹ́ kà nínú àwọn Àjàní?

Dọ́là ni wọ́n ń gbà. FamilySearch, tóun náà jẹ́ ìkànnì ìtàn ìdílé, ọ̀fẹ́ ni. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ kó ìtàn yín jáde ní GEDCOM, irú fáìlì tí ìjọ Mormon gbé jáde ní 1984, tí ìkànnì púpọ̀ lè kà. Tèmi jáde, àmì ò já bọ́ lórí orúkọ kankan. Màá san tọdún tó ń bọ̀, àmọ́ lẹ́tà lórí àpótí yẹn ti wà lọ́nà.