Wáyà ṣáájì tí mo rà fún Prius Prime mi dáa, àmọ́ ara ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kútọnu, Kétu àti Ṣábẹ̀. Ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ṣé wáyà ṣáájì tí mo rà fún mọ́tò yìí dáa, ṣé kò ní jóná, ṣé kò ní ba bátìrì jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀. Wáyà náà dáa, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Àmọ́ owó tí mo ná tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tí mo san fún bàbá oníná tó wá fa iná tuntun dé ìdí géètì wa, òun ni mo fún ní márùn-ún nínú márùn-ún, tí mo bá sì ní agbára àtifún un ní mẹ́wàá mi ò bá fún un.

Toyota Prius Prime ni mọ́tò náà, irú àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà gba èbúté Kútọnu wọlé. Ó ń lo ẹsáǹsì, ó sì tún ní bátìrì 8.8 kWh tí èèyàn lè fi iná ilé ṣáájì. Tó bá kún, ó lè gbé yín rin nǹkan bí 40 km láì kan ẹsáǹsì, ìyẹn ni pé tí mo bá kúrò ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ iná ilé ló ń gbé mi dé Kútọnu, ẹsáǹsì ló ń parí ìrìn àbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní irú mọ́tò yìí níbí ni kò ki wáyà bọ̀ ọ́ rí, wọ́n kàn ń wà á bíi hybrid lásán, irú èyí tó ní bátìrì àmọ́ tí kì í gba iná ilé. Ìgbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé, wá fò sókè, ojú gbogbo wa rí i, ìgbà yẹn làwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìdérí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí wọn ò tíì ṣí.

Kí n tó sọ̀rọ̀ wáyà tí mo rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó bá mọ́tò wá láti Amẹ́ríkà nítorí ibẹ̀ ni ewu àkọ́kọ́ wà. Ẹni tó ta mọ́tò fún mi sọ pé kí n gé orí ẹ̀ kí n fi orí tiwa sí i, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má ṣe é. Ẹ yí àpótí tó wà láàárín wáyà náà sẹ́yìn, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. 120 V ni wọ́n kọ sára tèmi. Iná tiwa níbí 220 sí 230 V ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn wáyà kan wà tó lè gba méjèèjì, àmọ́ wọ́n á kọ ọ́ sára ẹ̀, tí ẹ ò bá rí i kà níbẹ̀ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn kan á ní ká lo transfo tó ń rọ iná sílẹ̀. Wáyà Amẹ́ríkà yẹn ń fa 12 A (A ni ampere, ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó), ìyẹn nǹkan bí 1.4 kW, ó sì máa fà á fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀ kí bátìrì tó kún, transfo kékeré tí ẹ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n kò lè rù ú, á kàn máa gbóná títí tó fi máa rùn.

Nítorí náà mo ra òmíràn. Ẹnu tó ń wọ mọ́tò jẹ́ Type 1, nítorí ihò tí mọ́tò Amẹ́ríkà ní nìyẹn (ẹ̀yin tí tiyín wá láti Yúróòpù, Type 2 lẹ máa rí níbẹ̀, kò sí bí èyí ṣe máa wọ ìyẹn, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó). Ẹnu tó ń wọ ògiri jẹ́ irú ti Faransé tá à ń lò. Àpótí kan wà láàárín tó ní ojú kékeré tí èèyàn ti lè yan 6, 8, 10, 13 tàbí 16 A. Ní 10 A, 2.3 kW ló ń gbà, mọ́tò máa ń kún láàárín wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sí 16, mọ́tò yìí fúnra ẹ̀ kò lè gbà ju 3.3 kW lọ, á kún ní wákàtí méjì lé díẹ̀. Ẹni tó ń sùn mọ́jú kò nílò 16 jàre, 8 gan-an á ti kún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé iná kì í sí lẹ́nu ẹ̀ títí tí àpótí àti mọ́tò á fi bára wọn sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ mọ́tò, wáyà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń bi mọ́tò léèrè pé ṣé o ti wọlé dáadáa, ṣé o ti ṣe tán, mọ́tò á dáhùn, ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ tó máa dún "ta" tí iná á wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹnu ẹ̀, iná á kọ́kọ́ kú kó tó jáde. Àpótí náà tún ń wò ó bóyá iná ń jò, ó ní ohun tó ń wo ooru nínú orí tó wọ ògiri, tó bá gbóná jù á dín iná kù tàbí kó dúró. Ó sì ń wò ó bóyá wáyà tó ń wọ ilẹ̀ wà, èyí tí àwọn oníná ń pè ní terre. Tí kò bá sí terre, iná pupa á tàn, kò ní ṣáájì.

Iná pupa yẹn ló wá tàn nílé wa.

Oníná àkọ́kọ́ tí mo pè wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kékeré lèyí, òun á fi wáyà kúkúrú so terre mọ́ neutre (wáyà tí iná ń gbà padà) nínú prise, ihò iná ara ògiri, iná pupa á kú. Òótọ́ ni, á kú, àpótí á gbà pé terre wà. Àmọ́ tí neutre bá já lójú ọ̀nà, lára òpó tàbí nínú ilé, iná 230 V máa gba wáyà kúkúrú yẹn wọ ara irin mọ́tò. Mọ́tò sì rèé, orí táyà rọ́bà ló dúró sí, iná ò ríbi gbà lọ sílẹ̀, á dúró de ẹni àkọ́kọ́ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn láìwọ bàtà. Ọmọdé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo fún un lówó ẹsáǹsì ọ̀kadà ẹ̀, mo wá ẹlòmíràn.

Bàbá tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pa iná, ó tú prise ẹ̀gbẹ́ géètì. Lójú, kò sóhun tó ṣe prise yìí, ihò méjì pé, irin terre yọ síta bó ṣe yẹ. Ìgbà tó fà á jáde, wáyà 1.5 mm² ló wà lẹ́yìn ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún gílóòbù, tó sì ti fún yàrá méjì àti pọ́ǹpù omi níná kó tó dé ibẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó yẹ kó wọ ilẹ̀, wọ́n ti gé e kúrú, wọ́n ká a mọ́ ẹ̀yìn prise, kò dé ibì kankan. Ara ike ibi tí ìdè (vis) kan ti tú díẹ̀ ti pọ́n. Àwọn tó kọ́lé fi ibẹ̀ gé irin fún ìgbà díẹ̀ ni, wọn ò sì fi ṣáájì mọ́tò. Áyọ́ọ̀nù tá a fi ń lọ aṣọ ń fa iná gan-an lóòótọ́, àmọ́ ó ń tàn ó ń kú fúnra ẹ̀, prise ń sinmi. Mọ́tò kì í sinmi. Ibikíbi tí wáyà bá ti tú, iná tó ń kọjá níbẹ̀ á di ooru, tí iná bá sì di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí prise tó gba 6 A láìṣe nǹkan kan fi lè yọ́ ní 13.

Bàbá fa wáyà 3 × 4 mm² tó dá dúró láti ibi àpótí disjoncteur (ohun tó ń gé iná fúnra ẹ̀ tó bá pọ̀ jù) wá dé ìdí géètì, kò pín un pẹ̀lú nǹkankan. Ó fi disjoncteur 20 A sí i, ó fi différentiel 30 mA, èyí tó ń gé iná tó bá ń jò, ṣáájú ẹ̀. Ó ní kí n rí i pé type A ni, kì í ṣe type AC tó wọ́pọ̀ ní ọjà, nítorí inú mọ́tò ni iná ti ń yí padà di irú èyí tí bátìrì ń gbà, tó bá jò láti ibẹ̀ type AC lè máà rí i rárá. Prise tó fi sí i jẹ́ èyí tó le, tí wọ́n ṣe fún mọ́tò gan-an, ó wà lábẹ́ òrùlé, ó ní ìdérí.

Ti terre ló gbà á lásìkò jù. Ó gbá irin bàbà wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ìlànà Faransé tí wọ́n fi kọ́ àwọn oníná tiwa sọ pé ìdènà tí ilẹ̀ ń ṣe fún iná kò gbọ́dọ̀ ju 100 ohm lọ, tiwa kọjá ẹ̀. Ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ yìí, tó bá gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. Ó gbá èkejì síbi tí omi òjò ń dà sílẹ̀ láti orí páànù, ó so wọ́n pọ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá gbà. Ó ní nígbà ọyẹ́ òun máa padà wá wọ̀n ọ́n, nítorí ilẹ̀ tútù máa ń tan èèyàn jẹ. Ó sì padà wá lóòótọ́ láìjẹ́ pé mo pè é. Ẹ wo irú èèyàn tó yẹ ká máa gbé iṣẹ́ fún! Gbogbo owó iṣẹ́ àti ẹrù tó gbà kò tó owó wáyà ṣáájì náà.

Ó yá, kí ló wá dé tí wáyà fi pàdánù máàkì kan? Tí iná bá lọ tó padà dé, ó ń gbàgbé. Mo gbé e sí 10, délestage dé (wọ́n mú iná lọ), ìgbà tí iná padà wọlé ó ti bọ́ sí 16 fúnra ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó lórí wáyà 1.5 yẹn, láàárín òru, gbogbo ilé ń sùn. Èyí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé ògiri gbọ́dọ̀ lè ru 16 A nígbà gbogbo, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tẹ́ ẹ yàn. Ẹ̀ẹ̀kejì, àpótí ẹ̀ wúwo, tó bá ń fì nísàlẹ̀ prise á máa fa orí ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, mo kan ìkọ́ mọ́ ògiri láti gbé e kọ́. Ó sì kúrú, mítà márùn-ún, mo ní láti kọ ẹ̀yìn mọ́tò sí géètì. Ẹ má fi rallonge (wáyà tí wọ́n fi ń fa iná gùn) kún un láé, pàápàá èyí tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́, inú tó wé yẹn á gbóná títí rọ́bà ẹ̀ á fi yọ́ lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ kọ́kọ́ kì í bọ ògiri kẹ́ ẹ tó kì í bọ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ti mọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣáájì, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí tó wọ ògiri. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Tí ọwọ́ ò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ pa á láti disjoncteur, ẹ má fà á tu. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì "T" ara différentiel lóṣooṣù, ó gbọ́dọ̀ gé iná. Groupe (jẹnẹrétọ̀) pọ̀ tí mọ́tò máa kọ̀, nítorí kò rí terre níbẹ̀, ẹ má bá a jà. Ti garájì tó pa dé: mọ́tò yìí ní ẹ́ńjìnnì o, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní READY (ìyẹn ni pé ó ṣì wà ní títàn) nítorí ẹ ò gbúròó ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè dìde fúnra ẹ̀ nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, èéfín ẹ̀ sì ń pani láìní òórùn. Ẹ pa á pátápátá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àyágbé, mo mọ̀ pé onílé kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ ògiri. Ẹ bi í léèrè terre nìkan ná, torí àǹfààní gbogbo ilé ni, fíríìjì àti pọ́ǹpù á jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo iye ampere tó wà lára disjoncteur kọ́ńtọ̀ SBEE (ilé iṣẹ́ iná ìjọba) yín. Tó bá jẹ́ 15 ni wọ́n gbé e sí, tẹ́ ẹ tún ń fi 13 ṣáájì mọ́tò, fíríìjì á tàn, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, onílé á sì mọ ẹni tó fà á. Ẹ fi 6 tàbí 8 ṣe é ní òru, lórí wáyà tó dá dúró, ó ti tó fún irú mọ́tò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà bàbá oníná, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá bi í bóyá ó fẹ́ kí n fún yín.